Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Gorí Tábìlì Iṣẹ́ Abẹ

Ní ọdún 1961, wọ́n dá ẹjọ́ kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tí àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Obìnrin kan bímọ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n fura pé àárẹ̀ ọpọlọ tó máa ń ṣe àwọn abiyamọ kan ti fẹ́ mú un. Dókítà fún un ní oògùn tó máa jẹ́ kí ara rẹ̀ wálẹ̀, ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pé kó máa fojú sí i lára. Nígbà tó yá, wọ́n wo bẹ́ẹ̀dì, abiyamọ kò sí níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n ti rí i. Ó ti já bọ́ láti àjà kẹrin. Adájọ́ dá ilé ìwòsàn lẹ́bi pé wọn kò ṣọ́ ẹni tí àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n ṣọ́.

Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí UCH sí ọgbà tó wà dòní. Ibẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń gbé aláìsàn lọ nígbà tí apá bá pin. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kò síbi tí kò ti lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi fi ẹjọ́ yìí ṣíwájú ni pé a lè kà á. Ó wà nínú ìwé àkójọ ẹjọ́ Western Nigeria ti 1961, ní ojú ìwé 173, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Ifẹ̀ tàbí ní Èkó sì lè ṣí i lónìí. Àwọn tí irú rẹ̀ bá lọ́dún yẹn tí ọ̀rọ̀ wọn kò dé ilé ẹjọ́ ńkọ́? Wọ́n ti sin òkú, àwọn ará ti wá kí ẹbí, ọ̀rọ̀ ti parí sí "àmúwá Ọlọ́run ni". Kò sí ìwé kankan tí àwọn ọmọ ọmọ wọn lè ṣí.

Àmúwá Ọlọ́run wà lóòótọ́. Àìsàn wà tí kò gbóògùn, ara wà tó ti rẹ̀ jù kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò wá sílẹ̀ kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ, ọ́síjìn tó tán nínú sílíńdà láàárín iṣẹ́ abẹ, aṣọ ìnùjẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sínú ikùn, ọwọ́ ènìyàn ló wà nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá bàjẹ́, ọwọ́ ènìyàn lè tún un ṣe, bí wọ́n bá gbà pé ó bàjẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: ilé ìwòsàn tó ń ka àṣìṣe rẹ̀, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì lè sọ ọ́ fún wa, ni ká gbé ara wa lé lọ́wọ́. Èyí tó bá ní kò sẹ́ni tó kú sọ́wọ́ òun rí ni ká sá fún.

Ìdí tí a kì í fi béèrè

Ẹni tó fẹ́ ra púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ní Ìkòròdú kì í sanwó kó tó wádìí. Yóò béèrè ẹbí tó ni ilẹ̀, yóò mú sọ́fè lọ sí Alausa, yóò bi àwọn aládùúgbò bóyá ìjà wà lórí ilẹ̀ náà. Ẹni yìí kan náà, bí wọ́n bá sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ nílò iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni: "Èló ni?" Bí wọ́n bá ti gbọ́ iye, owó ni gbogbo ilé yóò máa sá kiri wá. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ẹni tó máa mú ọ̀bẹ, tàbí ẹni tó máa kun ìyàwó lóorun.

A kò lè dá irú ọkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi pátápátá. Àìsàn kì í fúnni láyè bí ilẹ̀ rírà ṣe ń fúnni láyè. Wọ́n sì ti tọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún ẹni tó mọ̀ jù wá lọ. Bí a bá béèrè jù, ẹ̀rù máa ń bà wá pé dókítà yóò rò pé a kò fọkàn tán òun, kí ó má baà fi aláìsàn wa sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì á gbé fọ́ọ̀mù dé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí ibí."

Ìyá àgbà kò mú awò ojú wá sí ọsibítù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin á béèrè: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, fún iṣẹ́ abẹ ọ̀la ni."

Màmá á tẹ̀ka, ó parí. Òun ti gbà pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Bẹ́ẹ̀, wọn kò ṣàlàyé ohun kankan.

Òfin Nàìjíríà kò sì rí i bẹ́ẹ̀. Òfin Ìlera ti ọdún 2014, ní abala 23, sọ pé dandan ni kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn jẹ́ kó mọ irú àìsàn tó ń ṣe é, àwọn ọ̀nà ìtọ́jú tó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn àti owó wọn, kí ó sì mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ó tún sọ pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tí aláìsàn gbọ́, lọ́nà tó bá ìwé tó kà mu. Bí Màmá bá gbọ́ Yorùbá nìkan, Yorùbá ni kí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí wọ́n gbé jáde ní Àbújá lọ́dún 2018 ka ẹ̀tọ́ 12 sílẹ̀. Lára wọn ni ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ń lọ, láti rí fáìlì ẹni gbà lásìkò, àti láti fẹjọ́ sùn bí nǹkan kò bá tẹ́ni lọ́rùn. Ẹni tó bá béèrè kò ṣàfojúdi sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń gbà.

Àwọn ọmọ ọwọ́ ìlú Bristol

Àwọn kan máa ń rò pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń ṣí ìwé ilé ìwòsàn síta. Rárá o. Ẹ̀mí ọmọdé ni wọ́n fi rà á.

Ní ìlú Bristol, ní ilé ìwòsàn Bristol Royal Infirmary, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún àwọn ọmọ kéékèèké. Lọ́dún 1988, dókítà kan tó ń jẹ́ Stephen Bolsin gba iṣẹ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kun aláìsàn lóorun, kí ó sì máa ṣọ́ èémí rẹ̀ títí iṣẹ́ abẹ yóò fi parí. Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ ń pẹ́ ju bó ṣe rí níbi tó ti ń bọ̀ lọ, àti pé àwọn ọmọ tó ń kú pọ̀ jù. Ní 1990 ó kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn. Ìwé náà kò yí nǹkan padà, ìbáwí ló gbà lórí rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò ràn án, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan jókòó ti àwọn fáìlì, wọ́n ń ka iye ọmọ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àti iye àwọn tó kú.

Ní oṣù kìíní ọdún 1995, ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tó le fún ọmọ oṣù 18 kan, èyí tí wọ́n ti máa ń pa àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jáde láti inú ọkàn dà sí àyè ara wọn. Lálẹ́ tó ṣáájú, àwọn dókítà pé jọ láti jíròrò bóyá kí wọ́n ṣe é tàbí kí wọ́n má ṣe é. Bolsin ní kí wọ́n má ṣe é. Ohùn tirẹ̀ kò borí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé ọmọ náà wọ tíátà, ó sì kú sórí tábìlì. Àwọn òbí rẹ̀ kò mọ̀ pé àwọn dókítà ti jà sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ní 1998, GMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà níbẹ̀, yọ orúkọ oníṣẹ́ abẹ àgbà James Wisheart kúrò nínú ìwé dókítà. Wọ́n yọ ti John Roylance pẹ̀lú, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, tí òun náà sì jẹ́ dókítà. Wọ́n ní kí oníṣẹ́ abẹ kejì, Janardan Dhasmana, má ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọdé fún ọdún mẹ́ta. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, Ian Kennedy ló sì ṣe alága rẹ̀. Nígbà tí àbọ̀ wọn jáde ní oṣù keje ọdún 2001, wọ́n ní láàárín 1991 sí 1995, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tó kú ní Bristol fi 30 sí 35 ju iye tó yẹ kó kú lọ, bí a bá fi wé àwọn ilé ìwòsàn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó yẹ ká kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe pé dókítà burú. Ìgbìmọ̀ Kennedy fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ bìkítà fún iṣẹ́ wọn. Iye àwọn tó kú wà nílẹ̀, ó wà nínú fáìlì, àwọn kan sì ń sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ohun tí kò sí ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wò ó, àti òfin tó ní kí wọ́n fi han òbí. Lónìí, àjọ CQC ń ṣàbẹ̀wò sí ilé ìwòsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń fi wọ́n sí ipò mẹ́rin, láti orí èyí tó ta yọ dé orí èyí tí kò dára tó. Dandan ni kí ilé ìwòsàn lẹ ipò rẹ̀ síbi tí aláìsàn yóò ti rí i. Láti 2014 sì ni òfin ti ní kí wọ́n jẹ́wọ́ fún aláìsàn bí ìtọ́jú bá ṣe é léṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin yìí lójoojúmọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sóhun tó ní wọn kò lè ṣe é nílé.

Ẹni tó kọ́kọ́ ka àṣìṣe ara rẹ̀

Kí Bristol tó ṣẹlẹ̀, oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, Ernest Amory Codman, ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó ní kí ilé ìwòsàn ní káàdì fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, kí wọ́n sì wá a rí lẹ́yìn ọdún kan láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá. Bí kò bá yá, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, bó jẹ́ àìsàn ni, bó jẹ́ ọwọ́ dókítà ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. Ní 1914 ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní Massachusetts General Hospital. Ó ti dá ilé ìwòsàn kékeré tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé: láàárín 1911 sí 1916, aláìsàn 337 ló kúrò lọ́dọ̀ òun, àṣìṣe 123 lòun sì rí nínú ìtọ́jú wọn.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí dókítà kan ní Oṣogbo bá lẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ ara ilé lónìí, ṣé a óò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, àbí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lẹ ohunkóhun? Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ ká lọ. Ẹni tó ka àṣìṣe 123 ti mọ ibi tí kò ní tẹ̀ mọ́.

Ibi tí ìwé wà nílé wa

Nílé wa, ìwé ilé ìwòsàn kò sí lójú kan. Ó fọ́n ká, ṣùgbọ́n ó wà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí dókítà. MDCN ló ń forúkọ dókítà àti dókítà eyín sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ọdọọdún sì ni dókítà gbọ́dọ̀ tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà. Ẹ béèrè orúkọ dókítà ní kíkún, kì í ṣe "Dókítà Tunde" nìkan, kí ẹ sì wò ó nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn. Bí ó bá pe ara rẹ̀ ní ògbóǹtarìgì nínú ẹ̀ka kan, ẹ béèrè ibi tó ti kọ́ ọ àti ilé ẹ̀kọ́ oníṣègùn tó fún un ní ìwé ẹ̀rí. MDCN náà ló ní ìgbìmọ̀ olùwádìí àti ilé ẹjọ́ ìbáwí tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí dókítà. Ilé ẹjọ́ yẹn lè yọ orúkọ dókítà kúrò nínú ìwé, ó lè dá a dúró fún oṣù mẹ́fà, ó sì lè bá a wí. Àwọn ìdájọ́ wọn máa ń jáde nínú ìwé ìròyìn, nítorí náà ẹ wá orúkọ dókítà àti orúkọ ilé ìwòsàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àìrí nǹkan kan ṣe ẹ̀rí. Bí ìjọba bá tú ìgbìmọ̀ MDCN ká tí kò tètè yan tuntun, ìgbẹ́jọ́ á dúró, ẹ̀sùn á sì máa gorí ẹ̀sùn.

Lẹ́yìn dókítà, ó kan ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Ní Èkó, HEFAMAA, àjọ tí òfin ọdún 2006 dá sílẹ̀, ló ń forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀, tó ń ṣàbẹ̀wò sí wọn, tó sì ń ti ìlẹ̀kùn èyí tó bá rú òfin pa. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, kí ẹ sì wo ọdún tó wà lára rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ tí kò bá ní irú àjọ bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ ni kí ẹ bi.

Ìwé kẹta ni ti ilé ẹjọ́ àti ti kọ́rónà, ìyẹn adájọ́ tó ń wádìí ikú. Òfin kọ́rónà ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2007, jẹ́ kí adájọ́ lè wádìí ikú òjijì tàbí ikú tó rúni lójú, títí kan èyí tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn. Kọ́rónà kì í rán ènìyàn lẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ẹni tó kú, ìgbà tó kú àti ohun tó pa á. Ìdí nìyẹn tí dókítà àti nọ́ọ̀sì fi máa ń sọ ohun tó pọ̀ níwájú rẹ̀.

Ìkẹrin ni òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ìjọba tàbí sí àjọ tó ń bójú tó wọn láti béèrè àkọsílẹ̀, kò sì ní láti sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Ẹ kò lè béèrè fáìlì aláìsàn mìíràn, àṣírí rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè iye aláboyún tó bímọ níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá àti iye tó kú. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti pa ẹnu wọn mọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó ní òfin náà kan gbogbo wọn.

Bí a ṣe ń kà á

Rírí ìwé kò tó, kíkà rẹ̀ lọ́nà tó tọ́ ló ṣòro. Ilé ìwòsàn ńlá tó ń gba aláìsàn tí apá ibòmíràn kò ká mọ́, dandan ni kí òkú rẹ̀ pọ̀ ju ti kílíníìkì àdúgbò tó ń tọ́jú ibà. Bí kílíníìkì kan bá sì ń sáré gbé gbogbo aláìsàn tó fẹ́ kú lọ sí LASUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ní wákàtí tó kẹ́yìn, LASUTH ni ikú yóò kọ orúkọ sí. Nítorí náà, ẹ má béèrè iye tó kú nìkan. Ẹ béèrè pé nínú iye mélòó, àti pé báwo ni ara wọn ṣe rí nígbà tí wọ́n gbé wọn dé.

Ẹ má sì fi ẹni tó jàre nílé ẹjọ́ nìkan ṣe òdiwọ̀n. Ní 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ obìnrin kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Benin. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan kán sínú rẹ̀. Àwọn dókítà gbà pé ó kán, wọ́n ní àwọn wá a, àwọn kò rí i. Obìnrin náà kò jàre, nítorí pé kò mú ẹ̀rí ògbóǹtarìgì wá tó lè fi hàn pé àìbìkítà ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìdájọ́ yẹn dé òpin yóò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú tíátà, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún aláìsàn àti ìgbà tí wọ́n sọ ọ́. Ohun tí à ń wá nìyẹn.

Ẹ fetí sí àwọn obìnrin àdúgbò pẹ̀lú. Ní ìlú Vienna, láàárín ọdún 1840 sí 1850, wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì wà nínú ilé ìwòsàn kan, ọjọ́ tí aláboyún bá dé ló ń pinnu èyí tí wọ́n máa gbé e sí. Àwọn obìnrin ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gbé àwọn sí wọ́ọ̀dù kìíní, nítorí ibẹ̀ ni abiyamọ ti ń kú jù. Nígbà tí Dókítà Semmelweis tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ka iye àwọn tó kú, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ló ń ti ibi tí wọ́n ti ń yẹ òkú wò wá gbẹ̀bí láìfọ ọwọ́ wọn mọ́ dáadáa. Bí obìnrin mẹ́ta nínú ọjà bá ní àwọn kò ní bímọ níbì kan mọ́, kì í ṣe àhesọ lásán. Ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ojú lè rí

Àwọn nǹkan kan wà tí kò nílò ìwé. Ẹ béèrè ẹni tó máa kun aláìsàn lóorun, kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ nìkan. Níbi tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti máa wá bí a bá nílò rẹ̀ láago méjì òru. Ẹ béèrè ohun tó ń gbé tíátà bí NEPA bá mú iná lọ, àti ilé ìwòsàn tí wọ́n máa gbé aláìsàn lọ bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ. Ẹ wo ilé náà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè já ní ilé gbígbé àwọn dókítà ní ọsibítù Ọ̀dàn, ní Erékùṣù Èkó, ó sì gba ẹ̀mí dókítà obìnrin kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó pẹ́ tí àwọn ti ń ké lórí ẹ̀rọ náà. Níbi tí wọn kò bá ti gbọ́ igbe dókítà, ta ni yóò gbọ́ ti aláìsàn?

Bí ẹ bá ní ìbéèrè kan ṣoṣo láti bi oníṣẹ́ abẹ, èyí ni kí ẹ bi: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ṣé ẹ máa ń lo ìwé àyẹ̀wò ti Àjọ Ìlera Àgbáyé?" Ojú ewé kan ṣoṣo ni, nǹkan 19 ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ń dúró kà á. Kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun, wọ́n á bi í ní orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n fẹ́ là lára rẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá wọ́n ti fi àmì sí i, bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ ń kọ̀. Kí ọ̀bẹ tó kan ara, olúkúlùkù tó wà nínú tíátà á sọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀rù má baà ba nọ́ọ̀sì láti sọ̀rọ̀ bó bá rí ohun tí kò tọ́. Kí aláìsàn tó kúrò, nọ́ọ̀sì á ka gbogbo abẹ́rẹ́, gbogbo aṣọ ìnùjẹ̀, gbogbo irinṣẹ́, á sì pariwo iye rẹ̀ síta. Bí wọ́n bá kó aṣọ ogún wọlé tí mọ́kàndínlógún bá jáde, wọ́n á wá ẹyọ kan tó kù.

Wọ́n dán ìwé yìí wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ káàkiri ayé, Ifakara ní Tanzania wà lára wọn. Àbájáde tó jáde ní 2009 fi hàn pé ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lọ sílẹ̀ láti 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.8. Wọn kò ra ẹ̀rọ olówó ńlá kankan láti fi ṣe é. Kíkà àti bíbéèrè ni.

Ohun tí Oǹdó ṣe

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mímìkò di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2009, ó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè fún àwọn aláboyún láti ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀dọ̀rẹ̀. Ní 2010, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tó ní bí aláboyún tàbí abiyamọ bá kú níbikíbi, dandan ni kí wọ́n fi tó ìjọba létí. Ìgbìmọ̀ kan yóò wádìí ohun tó fà á, wọn kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni síta, wọn kò sì ní fi wá ẹni tí wọ́n máa fìyà jẹ. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ìtọ́jú ti já: ṣé ilé ni wọ́n ti pẹ́ jù, ṣé mọ́tò ni kò sí, àbí ọsibítù ni wọ́n ti pa á tì?

Ó yẹ ká ronú sí i. Ìwádìí lórí iye ènìyàn àti ìlera tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé obìnrin 512 ló ń kú nínú ìbímọ 100,000. Bí a bá fi ìyà ṣe ìdáhùn sí gbogbo ikú, nọ́ọ̀sì á fi fáìlì pamọ́, dókítà á tún àkọsílẹ̀ kọ. Bí a bá sì dákẹ́, ẹni tó kàn á kú bí ẹni tó ṣáájú ṣe kú. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa ènìyàn tì, kí òfin mú un, ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́wọ́ àṣìṣe kí ẹlòmíràn má baà ṣe é, kí a má lé e síta.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Bí ibi bá ti ṣẹlẹ̀, bí a tilẹ̀ ń sunkún, ẹ jẹ́ ká máa ríran. Ẹ tètè kọ̀wé béèrè fáìlì aláìsàn. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó tọ́jú rẹ̀, àti ọjọ́ àti aago, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná lọ́kàn. Bí ikú náà bá rú yín lójú, ẹ má tíì sin òkú títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ̀ pé ó nira fún wa, pàápàá fún àwọn Mùsùlùmí tó ń sìnkú kíákíá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀rí náà ti wọlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ sun MDCN, ìwé ẹ̀sùn pẹ̀lú ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́ ni wọ́n ń gbà. Bí ẹ bá sì fẹ́ pe ilé ìwòsàn ìjọba lẹ́jọ́, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi oṣù mẹ́ta péré sílẹ̀ fún yín. Ẹbí tó bá dúró de ìrántí ọdún kan kó tó wá lọ́yà lè bá ilẹ̀kùn ní títì.

Iṣẹ́ ìwádìí yìí kò yẹ kó wà lọ́rùn aláìsàn nìkan. Ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nílẹ̀ Yorùbá lágbára láti pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, ti ìjọba àti ti aládàáni, lẹ ohun mẹ́ta síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i lọ́dọọdún, ní Yorùbá: ohun tí àwọn alábẹ̀wò bá níbẹ̀, iye iṣẹ́ abẹ àti ìbímọ tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àti iye àwọn tó kú nínú wọn. Òfin Ìlera ti 2014 ti ní kí wọ́n lẹ ọ̀nà tí aláìsàn lè gbà fẹjọ́ sùn síbi tí ẹni tó bá ń wọlé yóò ti rí i. Ẹ wo ara ògiri ọsibítù tó sún mọ́ yín bóyá ó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ bi wọ́n. Nígbà tí àwọn tó ń wá ìbò bá sì tún dé àdúgbò yín, ẹ bi àwọn náà: ìgbà wo ni a máa rí ìwé àbẹ̀wò ilé ìwòsàn wa kà?